Bí mo ṣe fi fóònù ńlá sílẹ̀ fún fóònù tọ́ọ̀ṣì, àti bí ẹ̀yin náà ṣe lè ṣe é

Apá ọ̀tún méjì ni mo gé. Léèsì aláwọ̀ ewé ni aṣọ náà, èyí tí oníbàárà mi kan fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ránṣọ mọ̀ pé irú léèsì bẹ́ẹ̀ lójú, ó sì lẹ́yìn, kò dà bí àǹkárá. Mo gbé fóònù sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo fi ti ìgò omi, fídíò kan ń lọ lórí rẹ̀. Mo ń wò ó, mo ń gé. Mo tẹ́ bébà lé aṣọ, mo gé apá kìíní. Ó yẹ kí n yí bébà dà kí n tó gé èkejì. Mi ò yí i. Ìgbà tí mo fẹ́ gán wọn mọ́ ara aṣọ ni mo tó rí i pé apá ọ̀tún ni méjèèjì. Aṣọ ò sì ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ kejì, mo rin Gbági láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mo dé Àlẹ́ṣinlọ́yẹ́, mi ò rí irú rẹ̀ rà. Mo san owó léèsì náà padà, mo sì bẹ ìyá yẹn títí. Ọdún kejìlélógún tí mo ti ń ránṣọ ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn, nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, tìbínútìbínú, mo yọ síìmù mi kúrò nínú fóònù ńlá, mo kì í bọ inú fóònù tọ́ọ̀ṣì kan tí ọmọ mi ti pa tì. Mo ní ó parí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo lò kí n tó padà. Kì í ṣe ìfẹ́ fídíò ló dá mi padà, iṣẹ́ ni. Ìwọ̀n gbogbo àwọn oníbàárà mi, inú fóònù ńlá ni mo kọ ọ́ sí. Orúkọ 43 péré ló wà lórí síìmù, gbogbo ìyókù wà lọ́dọ̀ Google. Mi ò ní PIN tí mo lè fi fowó ránṣẹ́ láìsí áàpù báńkì. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa sì sún ìpàdé síwájú, orí WhatsApp ni wọ́n ti kéde rẹ̀, mo wọ mọ́tò lọ, ilẹ̀kùn títì ni mo bá.

A kì í fọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Ní ìgbà kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi múra sílẹ̀, mo sì ti lé lọ́dún kan báyìí lórí fóònù kékeré. Ìmúra yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Fóònù ńlá kò kàn jókòó sọ́wọ́ yín lásán. Ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aago ara ògiri, lọ́wọ́ ìwé, lọ́wọ́ tọ́ọ̀ṣì àti rédíò, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ máa ń rán níṣẹ́. Bí ẹ bá lé e lọ láì wá ẹni tí yóò gba àwọn iṣẹ́ náà ṣe, òun kan náà lẹ ó tún lọ bẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kà á

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ kàn máa ka iye ìgbà tí ọwọ́ yín ń lọ sórí fóònù ni. Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ ni mo fi ka tèmi. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá ti lọ sórí fóònù, mo máa ń fa ìlà kan sí etí tábìlì: ìlà funfun bó bá nídìí, bíi kí ẹnìkan pè mí tàbí kí n yẹ owó wò, ìlà pupa bí kò bá nídìí. Nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní fi máa lù, ìlà 81 ló wà níbẹ̀. Mẹ́rìnlá ló funfun nínú wọn. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo tábìlì náà títí, ó ní, “Mọ̀mí, ṣé iye aṣọ tí ẹ gé lónìí nìyí?” Mi ò rí èsì fọ̀ fún un. Aṣọ mẹ́ta ni mo gé.

Bí ẹ ò bá ní ṣọ́ọ̀kì, bébà tó ṣeé kì bọ àpò àti bíró náà tó. Àwọn áàpù tó ń ka wákàtí wà, inú fóònù fúnra rẹ̀ náà sì ni wọ́n máa ń wà, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ wọn fún iṣẹ́ yìí. Wọn yóò sọ iye wákàtí fún yín, wọn ò ní sọ ohun tó gbé ọwọ́ yín débẹ̀, èyí sì lẹ ń wá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, mo ti mọ tèmi. Bí òwú bá já, ọwọ́ mi á lọ síbẹ̀. Bí mo bá ń dúró kí áyọ́ọ̀nù gbóná, á lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá múná lọ tí wọ́n ń fa jẹnẹrétọ̀, á lọ. Bí oníbàárà bá ní òun ti ń bọ̀ lọ́nà tí mi ò rí i, á lọ. Àlàfo kéékèèké ni wọ́n, ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì. Àmọ́ bí mo bá fi fídíò dí àlàfo ìṣẹ́jú méjì, ogún ìṣẹ́jú ni mo máa ń bá níbẹ̀ kí n tó jí.

Ẹ wá ẹni tí yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mú ìwé. Ẹ kọ gbogbo ohun tí fóònù ńlá ń bá yín ṣe tí ẹ kò lè ṣe aláìní sí apá òsì, kí ẹ kọ ohun tí yóò máa ṣe é sí apá ọ̀tún. Ẹ má fi fóònù ńlá sílẹ̀ bí apá ọ̀tún bá ṣì ṣófo níwájú ohun tó kan oúnjẹ òòjọ́ yín.

Ìwọ̀n ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, mo pín in sí A, B, D, E, Ẹ, F, bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe tò, mo sì lẹ àjákù àǹkárá mọ́ etí ewé tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ lè tètè mọ ibi tí yóò ṣí. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá, gígùn ìró, ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n. Píìnì ni mo fi ń so ègé aṣọ rẹ̀ mọ́ ewé náà. Alẹ́ mẹ́fà ló gbà mí láti da ìwọ̀n èèyàn 112 kọ láti inú fóònù. Ibi tí mo ti ń dà á kọ ni mo ti rí i pé mo ti kọ ìwọ̀n obìnrin kan sínú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì bára mu. Mo pè é kó wá kí n tún un wọ̀n.

Sítáì ló tẹ̀ lé e. Ohun tí gbogbo aránṣọ yóò sọ fún yín ni pé kò ṣeé ṣe láìsí WhatsApp, torí alẹ́ làwọn oníbàárà ń fi àwòrán ránṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ní fóònù kankan nígbà náà. Kálẹ́ńdà sítáì ló kún ara ògiri rẹ̀, oníbàárà á na ìka sí èyí tó wù ú. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ àwòrán 60 jáde lára àwọn aṣọ tí èmi fúnra mi ti rán, mo kó wọn sínú álíbọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá rí sítáì mìíràn lórí fóònù rẹ̀, kó gbé fóònù náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá gbé e dé, èmi á ya á sínú ìwé níwájú rẹ̀. Bí mo bá ṣe ń yà á la ó máa sọ̀rọ̀: ṣé ọrùn rẹ̀ báyìí lẹ fẹ́, ṣé kí apá rẹ̀ fẹ̀ tó báyìí, ṣé ẹ ó lè jókòó dáadáa nínú rẹ̀? Nígbà tí mo ń gba àwòrán lóru, mi ò béèrè ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Aṣọ tí wọ́n ń dá padà pé kí n tún ṣe ti dín kù gan-an.

Ọ̀rọ̀ owó ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ lè ṣe púpọ̀ nínú ohun tí áàpù báńkì ń ṣe lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì, láìsí dátà rárá. Nọ́ńbà tí ẹ máa tẹ̀ ló yàtọ̀ láti báńkì dé báńkì: *737# ni ti GTBank, *894# ni ti First Bank, *919# ni ti UBA, *901# ni ti Access, *966# ni ti Zenith. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún un, ẹ yan PIN, kí ẹ sì dán an wò nígbà tí áàpù ṣì wà lọ́wọ́. Mo fi igba náírà ránṣẹ́ sí ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọkàn mi tó balẹ̀. Síìmù tí báńkì mọ̀ mọ́ yín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó wà nínú fóònù kékeré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Owó tí ẹ lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́ ní ìwọ̀n, ₦100,000 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa fi sí i. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa ń lọ sí báńkì ní òwúrọ̀ Túsìdeè. Ẹ fi káàdì díẹ̀ sílẹ̀ lórí síìmù nígbà gbogbo, torí owó díẹ̀ wà lórí lílò rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ti ní kí báńkì pa álẹ́ẹ̀tì SMS nítorí owó tí wọ́n ń yọ. Ẹ ní kí wọ́n tan án padà. Láìsí i, ẹnikẹ́ni lè wá sí ṣọ́ọ̀bù kó fi ojú fóònù rẹ̀ hàn yín pé òun ti sanwó, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mi ò fi aṣọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kí fóònù tèmi tó dún.

Olè tó bá gbé fóònù kékeré yín, síìmù ló ń wá. Nítorí náà, ẹ fi PIN ti síìmù fúnra rẹ̀ pa. Ó wà nínú ètò ààbò fóònù yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì, nọ́ńbà PUK ló sì máa ṣí i, ìyẹn wà lára páálí tí síìmù bá wá. Bí ẹ ò bá rí páálí yẹn mọ́, ẹ lọ bá àwọn onísíìmù yín kí ẹ tó dán an wò.

Àwọn tó kù kò le. Aago ara ògiri ń sọ àkókò, fóònù kékeré ń jí mi ní aago márùn-ún àárọ̀, ó ní kakulétọ̀. Bíbélì mi àti ìwé orin padà sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Tọ́ọ̀ṣì orí fóònù kékeré dára ju ti fóònù ńlá lọ, ó sì lè tàn fún wákàtí púpọ̀ bí iná kò bá dé.

Rédíò ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, torí òun ló gba iṣẹ́ fídíò lọ́wọ́ fóònù ńlá nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Amúlùdùn FM 99.1 ni a ń gbọ́. Ojú ni fídíò ń gbà, ojú náà sì ni abẹ́rẹ́ nílò. Rédíò kò gba nǹkan kan ju etí lọ. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ fóònù kékeré kì í gbé rédíò dáadáa láì ki wáyà etí bọ̀ ọ́, wáyà yẹn ló máa ń gba ohùn láti afẹ́fẹ́ wá. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, kí ẹ wá yí i sí sípíkà.

Rírà rẹ̀

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, irú fóònù yìí la fi bẹ̀rẹ̀. Nokia 3310 ti jáde ní 2000, òun ló gbòde. iPhone kò dé títí di 2007, WhatsApp 2009. A fẹ́, a bímọ, a ṣòwò, a sìnkú láàárín ìgbà yẹn. Mo máa ń rán ara mi létí rẹ̀ bí ẹ̀rù bá fẹ́ bà mí.

Queen Cinema, ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù n'Íbàdàn, ni mo ti ra tèmi, ₦14,000. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 á jáde, méjì ni bí ó bá jẹ́ fóònù onísíìmù méjì. Ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá 7 àti 9 tó ní lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é kí ẹ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ròkè tó. Èmi nílò èyí tí mo lè gbọ́ nígbà tí máṣíìnì mẹ́rin bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo bóyá lẹ́tà ojú rẹ̀ tó fún ojú yín. Ẹ má ra èyí tó ní Facebook nínú, ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà fi èyí tó ń gbé WhatsApp tàn yín. Ohun tí ẹ ń sá fún nílé kọ́ lẹ fẹ́ fowó rà bọ̀ wá sílé.

Síìmù inú fóònù ńlá kéré ju ihò síìmù fóònù tọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn kan á fún yín ní ike pẹlẹbẹ kan láti fi gbé síìmù kékeré náà. Ike yẹn há nínú tèmi àkọ́kọ́, ó sì tẹ àwọn irin inú rẹ̀. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn onísíìmù pẹ̀lú NIN yín, kí wọ́n fún yín ní síìmù ńlá tó ní nọ́ńbà kan náà. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ síìmù, báńkì lè dá fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù dúró fún ìgbà díẹ̀ fún ààbò, ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí ẹ kò ní nǹkan rà.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe ra fóònù 2G, èyí tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ nìkan, láti ilé gbé lọ. AT&T ti pa 2G tirẹ̀ láti 2017, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ sì pa 3G ní 2022; ojú ẹ̀rọ náà á tàn, ṣùgbọ́n ó lè má lè pe ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń gbé ìpè lórí 4G ni kí ẹ béèrè. Ní Bìrìtéènì, 3G ti ń lọ tán, 2G ṣì wà ṣùgbọ́n wọ́n ti ní àwọn yóò pa á kí 2033 tó parí, nítorí náà 4G náà ni kí ẹ rà.

Orúkọ àwọn èèyàn, àti WhatsApp

Síìmù sábà máa ń gba orúkọ 250, ó sì máa ń gé orúkọ gígùn kúrú. Oníbàárà mẹ́rin ni wọ́n di “Iya Ibeji Mok” lórí tèmi. Ẹ ṣe àtúntò orúkọ lórí fóònù ńlá kí ẹ tó dà wọ́n sórí síìmù: ẹ fi ohun tó yàtọ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ da ogójì nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù kọ sínú ìwé pẹ̀lú ọwọ́. Mo ti há nọ́ńbà àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí báyìí, ohun tí mi ò lè ṣe láti ọdún mẹ́wàá.

Ẹ má pa WhatsApp rẹ́ lójijì. Gírúùpù 37 ni mo wà. Mo kúrò nínú 29, mo sì dágbére nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí kò dáa kéèyàn kàn jáde láàárín ẹbí láì sọ̀rọ̀. Nínú mẹ́jọ tó kù, mo bẹ ẹnìkan pé kó jẹ́ etí mi: bí ọ̀rọ̀ tó kàn mí bá jáde, kó pè mí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ń ṣe é, bùrọ̀dá mi ń ṣe é fún ẹbí. Mo máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín náwó tirẹ̀ sí i.

Fóònù ńlá mi wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Síìmù kejì tó ní dátà díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, WhatsApp sì ń ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú nọ́ńbà mi àtijọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé síìmù rẹ̀ wà nínú fóònù kékeré. Bí WhatsApp bá tún ní kí n fi nọ́ńbà ìdánilójú hàn, SMS rẹ̀ á wọlé sórí fóònù kékeré. Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni mo máa ń gbé e jáde, ìṣẹ́jú 40. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sórí bébà ṣáájú: kí n bá ọmọ mi tó wà ní Manchester sọ̀rọ̀ lójúkojú, kí n rí ọmọ-ọmọ mi, kí n dá ẹni méjì tàbí mẹ́ta lóhùn. Bí ohun tó wà lórí bébà bá tán, mo pa á, bí ìṣẹ́jú 40 ò tilẹ̀ tíì pé. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù láì tan án, torí WhatsApp máa ń pa nọ́ńbà tí kò bá wọlé fún 120 ọjọ́ rẹ́. Lórí àwòrán mi níbẹ̀, páálí ni mo ya ní fọ́tò, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: Ẹ PÈ MÍ.

Ọjọ́ tí mo ṣí kúrò, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà:

“E kaale o. Aranso yin ni Mokola ni. Nomba mi ko yipada. Satide nikan ni mo n wo WhatsApp. E pe mi abi ke e fi text ranse. E mu sitai wa si soobu. E se.”

Ó dùn mí láti kọ Yorùbá láìsí àmì, ṣùgbọ́n ìdí wà fún un. SMS kan máa ń gba lẹ́tà 160. Bí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ sínú rẹ̀, odindi àtẹ̀jíṣẹ́ náà á yí sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, á wá di 70 péré, ẹ ó sì san owó méjì tàbí mẹ́ta. Nínú àwọn lẹ́tà kéékèèké wa tó ní àmì, à, è, ì, ò, ù àti é nìkan ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n ṣe é mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe ètò yẹn kò ro tiwa mọ́ ọn, ó sì yẹ kí ẹnìkan tún un ṣe. Títí di ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá gba àmì kó tó yéni, mo máa ń pe ẹni náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ọwọ́ yóò máa wá a. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò tíì rí i: òwú já, ọwọ́ ọ̀tún mi sì lọ sí etí tábìlì níbi tí fóònù máa ń wà, ó tẹ́ síbẹ̀, pẹrẹsẹ, lórí igi. Mo wò ó. Ó tó ìgbà ogún lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ náà sílẹ̀ láìsí nǹkan kan, yóò wá fóònù ẹlòmíràn. Èmi ṣe apẹ̀rẹ̀ kékeré kan síbi tí fóònù ń wà tẹ́lẹ̀, mo kó iṣẹ́ ọwọ́ sínú rẹ̀: bọ́tìnì tí a fẹ́ fi aṣọ bò, ìlẹ̀kẹ̀ tí a fẹ́ gán mọ́ ọrùn bùbá, etí aṣọ tí a fẹ́ fi ọwọ́ rán. Àlàfo ìṣẹ́jú méjì tó bọ́tìnì kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ bọ́tìnì tí mo máa ń gbé fún ẹlòmíràn ti ń parí nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Kí apẹ̀rẹ̀ yín ní ohun tó bá iṣẹ́ yín mu. Olùkọ́ lè kó ìwé tí yóò máàkì sínú rẹ̀, ìyá tó ń ta ata lè máa ṣa ẹ̀wà.

Orí mi fọ́ díẹ̀ ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, oorun ò tètè wá. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo sùn láti aago mẹ́wàá títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn kan bínú sí mi pé mo ń gbéra ga. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní òun fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ márùn-ún, mi ò gbọ́. Mo wọ mọ́tò lọ bá a ní Ìsẹ́yìn, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni mo ń pè é, a sì ń sọ̀rọ̀ ju bí a ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wa lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ní gbà: ẹni tó ń fi ọ̀kadà já ẹrù fún áàpù, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń pè lórí WhatsApp, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé rẹ̀ ń ṣe gbogbo nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ̀yin ní fóònù méjì. Kí fóònù ńlá jẹ́ irinṣẹ́, kó sì sùn síbi iṣẹ́ tàbí nínú yàrá tí ẹ kì í sùn sí. Èmi kì í gbé máṣíìnì ìránṣọ gun bẹ́ẹ̀dì.

Bí ẹ bá padà sídìí rẹ̀, bí èmi ṣe padà ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ má bú ara yín. Ẹ ṣí ìwé yín, ẹ wo iṣẹ́ tó dá yín padà, ẹ wá ẹni tí yóò gbà á ṣe, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan ṣì wà nínú tèmi tí apá ọ̀tún rẹ̀ ṣófo títí di òní: àwòrán tí àwọn oníbàárà máa ń fi ránṣẹ́ láti òde ìnáwó, lálẹ́ Sátidé, pé “Ẹ wo bó ṣe bá mi mu.” Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú gan-an, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè tó kọjá, mo gbọ́ “Àgò o” lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìyá kan ni. Ó ti wọ aṣọ náà, ó wé gèlè, ó gbé báàgì lọ́wọ́, ó ní òun ò lè rí fọ́tò fi ránṣẹ́ sí mi, ni òun fi ní kí òun kúkú wọ̀ ọ́ wá kí n rí i.